Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejì

Kóòṣì Verna ti sọ ọ́ jáde lónìí. Wọ́n pe èmi àti Tess sí ọ́fíìsì wọn lẹ́yìn ìgbáradì àárọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní bí sáà yìí bá ti parí, ó tó gẹ́ẹ́. Orúnkún wọn méjèèjì ti kọṣẹ́, ọkọ wọn sì fẹ́ kó lọ síbi tí yìnyín kì í dé. Wọ́n ní ọ̀gá eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, Ọ̀gbẹ́ni Voss, ti gbà pé ọ̀kan nínú àwa igbákejì méjèèjì ni yóò gba ipò náà. Yóò tẹ̀ lé wa lọ sí ìdíje líìgì ní Cedar Rapids, yóò wo bí oníkálukú ṣe ń ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tó mú.

Tess ní, "Áà, Kóòṣì, àárò yín máa sọ wá o," omijé sì lé ròrò sí i lójú. Èmi náà fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ó ti gbawájú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá sun ún báyìí, á dà bíi pé mo ń sín in jẹ. Mo kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì." Ó dún bí ohun tí èèyàn ń sọ fún onímọ́tò.

Ọdún méjìlá ni mo ti wà ní Dunmore. Ọdún kejì Tess nìyí. Èmi ni mo wakọ̀ gba inú oko àgbàdo kọjá, tí mo jókòó ní ilé ìdáná àwọn ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí mo jẹ kọláṣì wọn, àkàrà òyìnbó aláwọ́dùn yẹn, títí ikùn mi fi le, tí mo bẹ̀ wọ́n kí ọmọ wọn wá gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún wa. Ìdí tábìlì tí mo ti tẹ́ sílẹ̀ ni Tess wá jókòó sí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kejì

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ní oṣù kẹwàá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Kóòṣì ní kí èmi àti Tess pín àwọn ẹgbẹ́ tí a máa bá pàdé láàárín ara wa. Mú ọ̀kan, kí n mú ọ̀kan, bí àwọn ọmọdé ṣe ń yan ẹgbẹ́ ní pápá. Ẹgbẹ́ tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ìwọ lo máa wo gbogbo fídíò wọn, ìwọ lo máa kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń gbá a, àti pé lọ́jọ́ eré, ìwọ lo máa jókòó lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì, tí wàá máa sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Ẹnì kejì á lọ jókòó sí ìpẹ̀kun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò omi.

Pell ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí pé wọ́n ti gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, Kessler ṣì wà nílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì bọ́ sí. Mo ní, "Tess, gba Kessler, kí o fún mi ní Orrin. Ọ̀nà Orrin ò jìn sílé mi." Ẹgbẹ́ tí kò rọ́wọ́ mú lọ́dún tó kọjá ni Kessler nígbà yẹn. Tess gbà á, ó tún dúpẹ́.

Kessler ló wà lókè tábìlì báyìí. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn ni mo fi lé e lọ́wọ́ nítorí epo mọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì

Òtútù tó ń mú ní àárọ̀ yìí kò jẹ́ kí mọ́tò mi dáhùn. Tess ló wá gbé mi. Mọ́tò tirẹ̀ máa ń dáhùn.

Kí a tó lọ sí eré èyíkéyìí ni àwọn ọmọ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá Tess kí ó lè dirun fún wọn. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Ó kàn mọ̀ ọ́n dì ni. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa di í, wọ́n á sì máa tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ìdánwò. Mo gba ibẹ̀ kọjá lónìí. Keely, ọmọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wa, tí èmi fúnra mi lọ mú wá láti oko ẹlẹ́dẹ̀ bàbá rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín débi pé Tess ní, "Jọ̀ọ́, dúró jẹ́ẹ́, orí rẹ ń sá kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Kóòṣì Darla." Ohùn tí wọ́n fi ń kí olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n fi kí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kejì

Kessler nà wá nílé wa. Tess ló wà lórí àga. Inú mi bàjẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹta

Ètò ìdíje ti jáde. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ẹni tó bá pàdánù máa lọ sílé. Orrin la máa kọ́kọ́ bá pàdé: tèmi. Bí a bá borí, Saint Odile's ló kàn: ti Tess. Bí a bá tún borí, a di àṣekágbá, Pell tàbí Kessler ló sì máa wà níbẹ̀. Pell, tèmi. Kessler, tirẹ̀.

Ẹni tó bá gba ife nìkan ló ń lọ sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Dunmore ò tíì débẹ̀ rí. Kóòṣì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látìgbà tí mo wà ní kékeré, wọn ò tíì gun àkàbà gé àwọ̀n rí, bí àwọn tó bá gba ife ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí orúnkún mi bá máa gun àkàbà kankan kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún yìí ni."

Mo fẹ́ kí Kóòṣì gé àwọ̀n. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ló wà lórí àga lọ́jọ́ náà. Mo gbàdúrà fún méjèèjì pọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Yìnyín ní gbogbo ojú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì wa rìn bí arúgbó. A dúró jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn, dọ́là mẹ́sàn-án ní àwo kan. Ó ti fi dọ́là méjì lé sí ti ọdún tó kọjá. Voss sanwó fún tirẹ̀, ó sanwó fún ti Tess, ó wá bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Áà, Darla, ṣé o ti san tìẹ?" Mo ní mo ti san án. Mi ò tíì san án.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

A na Orrin. A nà wọ́n bí ẹni lu bẹ̀ǹbẹ́ ní ìdá àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú ìdá mẹ́rin eré, gbogbo ohun tí mo sọ pé wọ́n máa ṣe ni wọ́n ṣe. Mo sọ sí Kóòṣì létí, "Ọmọbìnrin tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn yẹn ò lè gba apá òsì," Kóòṣì ní kí àwọn ọmọ wa máa tì í sápá òsì, bọ́ọ̀lù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bojú wẹ̀yìn kí n wo ojú Voss.

Voss ò sí níbẹ̀. Ó wà níta, ó ń tò fún gúgúrú. Ìgbà tí ayò ti pọ̀, tí Kóòṣì ti kó àwọn ọmọ tí kì í gbá bọ́ọ̀lù sójú pápá, ló tó wọlé. Ohun tó rí ni Tess ní ìpẹ̀kun, tó ń fò sókè fún ọmọ kan tí kò tíì ju bọ́ọ̀lù kankan sáwọ̀n láti oṣù kọkànlá. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Voss náà ń rẹ́rìn-ín, iyọ̀ gúgúrú wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta

A sinmi lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo so aṣọ ìnura mẹ́ta mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, mo ń wo fídíò obìnrin kan lórí fóònù tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dirun. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ṣílẹ̀kùn bá mi níbẹ̀. Ó ní òun máa padà wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi ohunkóhun pamọ́ fún ara mi.

A na Saint Odile's lọ́sàn-án, a ti wọ àṣekágbá. Tess ló wà lórí àga, Voss sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ra gúgúrú kankan. Ní ìgbà kan Tess sọ nǹkan sí Kóòṣì létí, Kóòṣì pààrọ̀ ọmọ méjì, a sì jẹ ayò mẹ́jọ tẹ̀ léra. Voss tẹ nǹkan sínú fóònù rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn tiwa ni Pell àti Kessler kàn. A gòkè lọ jókòó sẹ́yìn, à ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀. Kò yẹ kí èmi máa pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo pàtẹ́wọ́ fún Pell lábẹ́ ẹ̀wù òtútù mi. Pell ń gbá a bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ètò kan wà tí wọ́n máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ìsàlẹ̀ àwọ̀n, Àká ni wọ́n ń pè é: ọmọ wọn tó ga jù á sáré jáde síta, á na ọwọ́, á máa pariwo pé kí wọ́n fún òun, gbogbo ojú á tẹ̀ lé e, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, á yọ́ wọlé sábẹ́ àwọ̀n, wọ́n á sì dá bọ́ọ̀lù padà fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kessler jẹ ìyà yẹn. Tollefson tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ fún ìsinmi àárín eré, Pell ti fi ayò mọ́kàndínlógún ṣíwájú. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kí n tètè bẹ̀rẹ̀ Pell pẹ̀lú wọn. Eré yìí ti parí."

Kóòṣì wo pátákó ayò, wọ́n wo orúnkún wọn. "Ó dáa. Èmi náà fẹ́ fi omi dídì sí i."

Voss ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ, mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń ṣe é." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé búrẹ́dì mi sórí àga.

Tess ní, "Èmi á dúró wò ó tán."

Mo ní, "Kí ló kù tí o fẹ́ wò?"

Ó ní, "Gúgúrú mi ò tíì tán."

Òtẹ́ẹ̀lì fún wa ní yàrá ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Mo fi téèpù àwọ̀ búlúù ya ojú pápá sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi àga ṣe àwọ̀n. Mo gba fóònù gbogbo wọn, mo kó o sínú àpò ìrọ̀rí gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, kí ọkàn wọn má bàa pín. Ara mi yá. Mo lè sọ ọ́ láìtijú pé mi ò kọ́ wọn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n ṣe Àká, kí wọ́n tún un ṣe, kí àwọn tí kì í gbá bọ́ọ̀lù náà bọ́ síbẹ̀ ṣe é.

Keely ní, "Kóòṣì, ta ló wá ń ṣọ́ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé?"

"Kò sí. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Tí mo bá fi tèmi sílẹ̀ ńkọ́, kí n lọ dúró dè é níbẹ̀?"

"Tí o bá ti rí i tí ẹni gíga yẹn sáré jáde, pariwo orúkọ ètò náà, kí o sì lọ."

Wọ́n ń pariwo "Àká! Àká!" ká gbogbo yàrá, wọ́n ń sáré nínú ìbọ̀sẹ̀. Voss dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń mi orí bí ẹni tí ọbẹ̀ dùn mọ́ lẹ́nu. Mo ti ń rí orúkọ ara mi lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Kóòṣì.

Ibẹ̀ la wà tí Tess wọlé. Yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀. Ó wo téèpù, ó wo àga, ó wo mi.

Ó rọra ní, "Darla, Kessler ló wọlé."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ayò méjì ni wọ́n fi nà wọ́n. Pell ò rí nǹkan kan jẹ ní ìdá kẹrin."

Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a. Keely ní, "Kóòṣì, ṣé ká ká téèpù náà?" Voss wúkọ́, ó ní òun máa rí wa láàárọ̀. Kóòṣì sọ láti orí àga wọn pé, "Ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀," wọ́n sì pa ojú dé.

Tess ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ká téèpù. Ì bá sàn kó fi mí ṣẹ̀sín. Ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kó fi kọ́ wọn ní Kessler ni mo ti jẹ tán, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Èwo ni ti kíkúnlẹ̀? Mo kórìíra bó ṣe ń rọra ká téèpù náà, kó má bàa ba kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti sún aago síwájú lóru, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní oṣù yìí. Wákàtí kan tún ti bọ́ lọ́wọ́ Tess. Ó ti wà pẹ̀lú àwọn ọmọ láti ìgbà oúnjẹ àárọ̀, ó ń fi ife kọfí àti ife omi ọsàn ṣe àpèjúwe Kessler lórí tábìlì. Mo bu ẹyin mi, mo lọ jókòó níbòmíràn.

Nígbà tó ṣe, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Keely ni, ó mú kóòmù lọ́wọ́, orí rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹyẹ.

"Kóòṣì Tess ní òun ò ráyè dirun lónìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dì?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ta lẹ ti di tiẹ̀ rí?"

"Aṣọ ìnura."

Ó wò mí. "Kí lẹ wí?"

"Jókòó."

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo pín irun náà sí mẹ́ta. Ó ní bàbá òun ń bọ̀ wá wo eré, pé ó máa jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde òun, àti pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mi ò tíì sọ irú rẹ̀ fún ọmọ kankan rí. Irun náà wọ́ sápá kan.

*Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.* A gba ife. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.

Ẹ̀gbẹ́ ìgò omi ni mo wà. Ó le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fi ayò mẹ́fà ṣíwájú ẹnì kejì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ayò kan la fi ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ti Kessler lábẹ́ àwọ̀n wa. Tollefson ní kí eré dúró kí òun bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀. Níhà tiwa, Tess ti mú pátákó kékeré rẹ̀. "Ọmọ gíga yẹn ni wọ́n máa fún. Gbogbo ọdún, òun ni wọ́n ń fún. Ẹ má fi í sílẹ̀, ẹni méjì ni kó mú un." Ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Wọ́n padà wọlé. Ọmọ gíga Kessler dúró lábẹ́ àwọ̀n. Bí rẹfirí ṣe fún wọn ní bọ́ọ̀lù báyìí, ọmọ náà sáré jáde síta, ó na ọwọ́, ó ń pariwo pé kí wọ́n fún òun.

Tollefson ti jí i. Ètò tí Pell fi dá a lóró lánàá ló gbé wá. Mo dìde, mo ń juwọ́ sí wọn.

Keely pariwo, "Àká!" Ó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó yí padà, ó fò síwájú ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé. Bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́, ó yí lọ síbi àwọn onílù kọ́lẹ́ẹ̀jì, fèrè òpin eré dún. Irun tí mo dì ti tú pátápátá, ó bo gbogbo ojú ọmọ náà, bàbá rẹ̀ sì ti fo ọgbà kọjá pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló sáré lọ bá Tess. Voss gbá a mọ́ra. "Báwo lo ṣe mọ̀? Báwo lo ṣe mọ̀?" Èmi dúró, ìgò omi méjì lọ́wọ́. Mo ní kí n máa yọ̀, nítorí Kóòṣì ń sunkún, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè yọ̀ dénú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń kí ẹlòmíràn fún.

Ọkùnrin rédíò na ẹ̀rọ sí Tess lẹ́nu, ohùn wọn sì ń jáde ká gbogbo pápá. Ó ní, "Kóòṣì Tess, o ti mọ Kessler látòkèdélẹ̀."

Tess ní, "Èmi kọ́. Ọmọ gíga yẹn ni mo ní kí wọ́n máa ṣọ́. Ká ní wọ́n gbọ́ tèmi ni, a ti lọ sílé. Darla ló kọ́ wọn lánàá."

"Darla mọ̀ pé Kessler máa lo ètò Pell?"

"Rárá o. Ó rò pé Pell la máa bá pàdé ni. Ó ti kọ́ wọn tán kí eré tó parí."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí ẹni fi omi wẹ̀ mí ni, tó tún fi ẹrẹ̀ kùn mí lójú kan náà. Mi ò mọ èyí tó ní lọ́kàn. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń yọ̀, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ká ní èmi ni, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá gba oríyìn náà, màá sì gbé e lọ sílé. Mo mọ ara mi. Òun ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti jowú irun tó ń dì, mo ti jowú mọ́tò rẹ̀, mo ti jowú àga yẹn, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó gbóná nínú mi tó eléyìí.

Wọ́n gbé àkàbà wá. Oníkálukú gun un, ó gé fọ́nrán kan lára àwọ̀n. Kóòṣì ló gé èyí tó kẹ́yìn, ọmọ mẹ́rin ló di àkàbà mú, wọ́n fi àwọ̀n náà kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Fọ́nrán tèmi gùn ju ti Tess lọ. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Mọ́tò panápaná wá pàdé bọ́ọ̀sì wa lẹ́nu ìlú, ó ń han ganran-ganran, ó sì ṣíwájú wa wọ Dunmore. Àwọn èèyàn dúró nínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Obìnrin kan gbé pátákó tó kọ "Àká" sí. Àwọn ọmọ ń na ìka sí mi. Mo juwọ́ títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta

Ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n nà wá débi pé ọkùnrin rédíò wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Àwọn ọmọ wọn ga ju ilẹ̀kùn lọ. Kóòṣì ní àwọn gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹrin

Voss pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní èmi ló mú.

Mo ní kó tún un sọ.

Ó ní, "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn lọ́jọ́ náà. Kí Tess tó wọlé ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni mo máa mú. Nígbà tó sì wá wọlé, mo ní kí n lọ sùn kí n má bàa rẹ́rìn-ín lójú rẹ."

Mo lọ síbi mọ́tò mi, mo jókòó, mo sunkún dáadáa, ti oṣù kejì pẹ̀lú. Mo ra àkàrà òyìnbó kan tó tóbi, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti ronú ohun tí mo máa sọ fún Tess: pé mo fẹ́ kó dúró tì mí, pé àga ẹ̀gbẹ́ mi tirẹ̀ ni. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú mọ́tò kó lè dún bí ẹni tí inú rẹ̀ mọ́.

Tess ti gbọ́. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìwọ ló tọ́ sí, Darla, mi ò ní pa irọ́." Lẹ́yìn náà ló ní òun ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ. Yunifásítì ńlá kan ti wá mú Tollefson lọ. Kessler sì ti ń pe òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Igbákejì?"

"Rárá. Olórí."

Kessler. Pápá tuntun, yàrá ìmúra tó ní àga aláwọ, bọ́ọ̀sì tó ní tẹlifíṣàn lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìlá wá, mo gbà á lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dà bí ẹ̀wù tí ẹlòmíràn bọ́ fún mi. Mo gé àkàrà fún un. Mo gé e kékeré.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹrin

Yìnyín ti yọ́. Wọ́n ti ń túlẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Tess wá kó ẹrù rẹ̀.

Ó gbé agolo kékeré kan lé tábìlì mi. Rọ́bà ìdirun ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú kóòmù kan. Ó ní, "Keely ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ. Ó ní o nílò rẹ̀ ju èmi lọ."

Mo ní, "Nítorí ìyẹn, ọmọ yẹn ò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan fún mi lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó ti sọ fún mi pé o máa wí bẹ́ẹ̀."

Ó gbé àpótí tó kẹ́yìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. "Darla, tó bá di oṣù kẹwàá, tí ẹ bá ń pín ẹgbẹ́, ta lo máa fún ní Kessler?"

Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkàrà. "Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni màá mú un."

"Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe ìyẹn mọ́. Àwọn igbákejì ló ń ṣe é."

"Mo mọ̀."

Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí náà lé ìbàdí, ojú tì í díẹ̀, irú èyí tí mi ò rí lójú rẹ̀ rí láàárín ọdún méjì.

Ó ní, "Lánàá ni mo bá àwọn igbákejì mi jókòó. Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi Dunmore sílẹ̀ fún mi." Ó fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. "Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ fídíò."

Ó lọ. Mo dúró lójú fèrèsé títí mọ́tò rẹ̀ fi dáhùn. Mo wá padà sídìí tábìlì, mo ṣí fídíò Kessler, mo sì bẹ̀rẹ̀ lónìí.